Táńkà Tó Yà Sílé Philemon

Bí Philemon bá rí aláǹgbá lára ògiri, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín láti ròyìn rẹ̀, aláǹgbá ti di ọ̀nì. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, n kò pè é ní òpùrọ́. Nǹkan kékeré ni kì í lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá kó má wú. Ibà kan ṣe é lọ́dún tó kọjá, ó ní dókítà pe gbogbo nọ́ọ̀sì jọ kí wọ́n wá wò ó, pé irú ibà bẹ́ẹ̀ ò wọ Òkìtìpupa rí. Vivian ìyàwó rẹ̀ ní hóró oògùn mẹ́fà ni wọ́n fún un, àti pé mẹ́ta ṣì wà lójú fèrèsé.

Ibi tí mo ti mọ gbogbo èyí ò jìnnà. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ló dojú kọ ilé bàbá Philemon, títì tóóró kan ló là wá láàárín. Sàpẹ́lẹ́ ni Philemon wà tẹ́lẹ̀, ó ń ta táìsì ilé ìwẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọjà náà kógbá sílé, tí òun àti Vivian àti Òkìkíolúwa ọmọ wọn kó padà wálé, àwa rò pé ọjà ni kò tà. Philemon ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ní ọjà tà débi pé kò sí ilé ìwẹ̀ kan tó kù ní Sàpẹ́lẹ́ tí wọn ò tíì lẹ táìsì sí.

Ó jókòó sílé fún oṣù mélòó kan kí Lérè tó pè é. Wọ́n jọ lọ sílé ìwé girama ni, Lérè sì ti ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀, àwọn tó ń fi táńkà gbé dísù kiri. Lérè ní, "Philemon, iná ìjọba ò sí, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo ayé ń lò. Bá wa wá àwọn tó lè ra dísù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Kì í ṣe oníkẹ́ẹ̀gì o, àwọn tó lè gba odidi táńkà. Ìwọ kàn máa so wá pọ̀ ni. Lítà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà, tìrẹ wà níbẹ̀. Alágbàtà wa lo máa jẹ́."

Iṣẹ́ gidi ni, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Mo mọ ẹni tó ti irú rẹ̀ kọ́lé. Nínú gbogbo ohun tí Lérè sọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni kò wọ Philemon létí: alágbàtà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi pé kí n rán kóòtù dúdú kan fún òun. Nígbà tó fi máa wá gbà á, ó ti tẹ káàdì. Ohun tó kọ sára rẹ̀ ni "Philemon Epo Àgbáyé: Alága àti Olùdarí Pátápátá". Mo yí káàdì náà síwá, mo yí i sẹ́yìn. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni òótọ́ tó wà níbẹ̀.

"Alága àwọn ta ni?" ni mo bi í.

"Bọ̀dá Télọ̀," ló dáhùn, "ẹni tó bá ń wá oníbàárà ńlá, òun náà gbọ́dọ̀ tóbi. Ìwọ̀ kékeré kì í mú ẹja ńlá."

Ó wọ kóòtù náà lẹ́sẹ̀ kan náà, ó gun ọ̀kadà Ṣéhù, wọ́n lọ. Ẹnu Ṣéhù ni mo ti gbọ́ bí ìrìn àjò náà ṣe rí, Ṣéhù kì í sì í fi kún ọ̀rọ̀.

Àyèká ni wọ́n kọ́kọ́ dé, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì. Philemon dúró sínú oòrùn, ó ṣàlàyé fún ìyá náà bí táńkà òun ṣe pọ̀ tó, bí ọkọ̀ ojú omi òun ṣe ń já dísù ní Wárì, àti pé ẹ̀rọ tó bá mu dísù òun kì í kú. Ó sọ ọ́ títí òógùn fi gba kóòtù já. Ìyá náà fi sùúrù gbọ́ ọ, ó bu omi fún un, lẹ́yìn náà ló mú un lọ sẹ́yìn ilé. Igi ìdáná ni wọ́n tò síbẹ̀, ó ga ju orí Philemon lọ.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "igi la fi ń yan búrẹ́dì tiwa. Àmọ́ tí o bá mọ ẹni tó ń ta igi, bá mi sọ fún un kó wá."

Wọ́n gba Ìkọ̀yà lọ, lọ́dọ̀ Bàbá Àríyọ̀ tó ni sọ́míìlì. Bàbá yìí ti ń da dísù sínú ẹ̀rọ ìlagi kí wọ́n tó bí Philemon. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. Ó ní, "Báwo ni àwọ̀ dísù yín ṣe rí?"

Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní òun ò mọ̀. Philemon ní, "Funfun nini ni, Bàbá. Ẹ lè wo ojú yín nínú ẹ̀ bíi ti inú omi."

Bàbá Àríyọ̀ gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lápá rẹ̀. "Èyí tó bá funfun báyẹn, kẹrosíìnì là ń pè é níbí. Àtùpà la fi ń tàn."

"Ti òkè òkun ló yàtọ̀, Bàbá," ni Philemon wí, ó sì ti gun ọ̀kadà kó tó sọ ọ́ tán.

Ó yẹ kó padà sílé láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ó di dandan kó débi tí wọ́n á ti wọ̀n ọ́n fún un. Wọ́n kọrí sí Ìlútítun, lọ́dọ̀ Alhaja Sẹ̀kínà. Òun ni olórí gbogbo àwọn tó ní ẹbu lágbègbè náà, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa. Àsìkò ẹyìn ni. Ìdì ẹyìn wà nílẹ̀ bí òkè, àwọn obìnrin mẹ́fà sì ń ṣa á. Philemon tún kóòtù ṣe.

"Alhaja, epo ni mo gbé wá fún yín. Odidi táńkà."

Alhaja gbójú sókè. "Epo kẹ̀? Ní Ìlútítun?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lítà, Alhaja. Kò sí àdàlù nínú ẹ̀."

Àwọn obìnrin mẹ́fà náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaja nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ọmọ ta ni ẹ́? Àwa la fún epo tí gbogbo ayé ń jẹ, o wá ń gbé epo wá tà fún wa. Tí o bá kúrò níbí, ṣé ẹja lo máa gbé lọ fún àwọn Ìlàjẹ apẹja?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti mú odidi ìdì ẹyìn kan dání. Ṣéhù ní òun ti rọra ṣíná sí ọ̀kadà òun.

"Dísù ni, Alhaja. Epo ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti ọbẹ̀."

Ojú Alhaja yí padà. "Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀? Wá jókòó."

Ẹ wò ó, oríire Philemon ti dé. Ẹbu márùn-ún ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ni gbogbo wọn fi ń lọ ẹyìn. Iná ò sí. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ni wọ́n fi ń ra dísù kiri, ọjọ́ tí wọn ò bá sì rí rà, ẹyìn á bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ lójú wọn. Alhaja ní tí àwọn bá da owó pọ̀ pẹ̀lú Bàbá Àríyọ̀, àwọn lè lo táńkà kan tán láàárín oṣù mélòó kan. "Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù mélòó kan la ní," ló wí. "Ibo la máa já ìyókù sí?"

Kò sẹ́ni tó bi Philemon bóyá òun ló ni nǹkan kan. Ì bá kàn sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun béèrè. Àmọ́ àwọn obìnrin mẹ́fà ń wò ó, oòrùn sì ń dán lára bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

"Inú táǹkì mi ni," ló wí. "Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, lẹ́yìn ilé mi."

"Ṣé ó tóbi?"

"Alhaja, táńkà méjì lè wọ inú ẹ̀ kí wọ́n sì yí padà jáde."

Alhaja ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀. Philemon ní òun ò ní ọ̀gá, òṣìṣẹ́ òun kan ni òun máa pè. Lérè gbé fóònù. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ti rí oníbàárà, ó wá béèrè pé, "Ta ló ni táǹkì tí wọ́n máa já a sí?"

Alhaja dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Philemon, ó na etí.

"Tèmi ni," ni Philemon wí.

Ó ní lọ́kàn pé tí òun bá délé, òun á tún pè é padà, òun á ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kó tó délé, Lérè ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé inú ọ̀gá àwọn dùn, pé wọn ò mọ̀ pé Philemon ti lọ jìnnà tó báyìí. Ẹni tí wọ́n ti gbé gẹṣin, ó ṣòro fún un láti sọ pé ẹṣin ò sí lábẹ́ òun.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni táńkà dé. Ó gùn ju ilé Philemon lọ. Bó ṣe yà sí títì wa tóóró, ó dí ẹnu ọ̀nà ilé mẹ́rin àti ṣọ́ọ̀bù mi. Mùhámádù, awakọ̀ rẹ̀, sọ̀kalẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun díẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Alága. Ibo la máa já a sí?"

Philemon wo táńkà, ó wo ilé. "Wọ́n ń fọ táǹkì lọ́wọ́," ló wí.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa fọ̀ ọ́ tán?"

"Nǹkan tó tóbi tó yẹn, Alfa, ẹ mọ̀ pé fífọ̀ rẹ̀ kì í yá."

Mùhámádù ní kò burú. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn, ó kírun, ó sì dùbúlẹ̀.

Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná. Baálé àdúgbò wá wo táńkà náà, ó wo ẹ̀fín tó ń rú lẹ́yìnkùlé wa, orí rẹ̀ wú. Ó ní títí tí nǹkan yẹn á fi kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dáná. Àdúgbò wa nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe púpurú, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi iná yan gbẹ, jù lọ ní gbogbo Òkìtìpupa, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé púpurú láìsí iná, ẹ̀gẹ́ rírẹ lásán ni. Èmi náà, èédú ni mo fi ń lọ aṣọ. Aṣọ ìyàwó mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, gbogbo rẹ̀ rún bí ojú arúgbó. Táńkà bà ládùúgbò: ara ò rọ táńkà, ara ò rọ àdúgbò. Ẹ̀bà tútù la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn mìíràn ò rí ìyẹn jẹ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Janet, olórí àwọn tó ń ṣe púpurú, kó àwọn obìnrin mọ́kànlá lẹ́yìn. Bàsíà ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀, tó yẹ kó ti wà lórí pẹpẹ ààrò, ni wọ́n rù. Wọ́n tò ó síwájú ilé Philemon.

"Bọ̀dá Alága," ni Janet wí, "ẹ̀gẹ́ wa rèé. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí a ti dáná sí i, ẹ fi hàn wá."

"Ẹ fún mi ní wákàtí méjì," ni Philemon wí láti inú ilé.

Wákàtí méjì di alẹ́, ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Òórùn rẹ̀ àti ti dísù pàdé ní ojú fèrèsé mi. Mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Vivian gbọ́ tí nǹkan ń dún lẹ́yìnkùlé, ó lọ wò ó. Ọkọ rẹ̀ ló bá nínú kòtò kan tó dé orúnkún, ó bọ́ kóòtù kọ́ sórí igi ìbẹ́pẹ, ó di ṣọ́bìrì mú.

"Bàbá Òkìkí, kí lẹ̀ ń gbẹ́?"

"Táǹkì."

Vivian fìdí lélẹ̀ lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. "Ìgbà tí ẹ sọ fún mi pé alágbàtà ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe, inú mi dùn," ló wí. "Mo ti sọ fún ìyá mi."

"O sọ fún Màmá pé alágbàtà ni mí?"

"Mo ní ọkọ mi ti ríṣẹ́."

Philemon tún bu yẹ̀pẹ̀ ṣọ́bìrì kan. Ilẹ̀ wa, bí a bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ló ń sun. Omi ti ń sun sí i lẹ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Alhaja Sẹ̀kínà dé. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù kún ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, àwọn tó ní ẹbu mẹ́rin yòókù wà pẹ̀lú rẹ̀, Bàbá Àríyọ̀ sì jókòó níwájú ọkọ̀. Ẹ̀rọ wọn ti dákẹ́ láti àná. Wọ́n kí Mùhámádù, wọ́n kí wa, wọ́n ní kí Philemon mú àwọn lọ síbi táǹkì.

Ó mú wọn lọ. Gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé wọn, èmi náà gbé tépù sọ́rùn, mo tẹ̀ lé wọn. A yí ìgun ilé, a dúró yí kòtò náà ká. Omi ti dé ìdajì rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan fò wọ inú ẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, ó jáde.

Bàbá Àríyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé èyí ni táńkà méjì máa wọ̀ tí wọ́n á sì yí padà jáde?"

"Bàbá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni," ni Philemon wí.

Mo rò pé Alhaja máa lù ú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó wo Vivian tó dorí kodò lórí odó, ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ọmọ yìí, ta ló ni dísù tó wà níta yẹn?"

Philemon wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Àwọn Lérè ni, ní Ọ̀rẹ̀."

"Àti táńkà?"

"Àwọn náà ni."

"Kí ni tìrẹ níbẹ̀?"

Ó tọ́ka sí igi ìbẹ́pẹ. "Kóòtù," ló wí.

Bàbá Àríyọ̀ fọn ikun rẹ̀. Ó ní táǹkì irin ńlá kan wà ní sọ́míìlì òun, pé àwọn tó ń gé igi níbẹ̀ láyé àtijọ́ ló fi í sílẹ̀, pé ó mọ́, kò jò, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò sì sọ," ni Philemon wí.

"O ò béèrè. Kẹrosíìnì lò ń tà."

Ọ̀rọ̀ tó ti gba ọjọ́ mẹ́ta tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alhaja gba fóònù Mùhámádù, ó bá Lérè sọ̀rọ̀, Lérè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí táńkà máa lọ sí Ìkọ̀yà. Lérè béèrè bóyá Alhaja á lè máa bá wọn kó àwọn oníbàárà jọ láti ìsinsìnyí lọ, Alhaja ní kò sí wàhálà, iṣẹ́ alágbàtà kò pa ẹnì kan rí. Bí ìdí táńkà ṣe yà kúrò ní títì wa, kó tó dé kọ́nà, ẹ̀fín ti ń rú lẹ́yìnkùlé méje. Mo fẹ́ èédú mi títí ojú fi ń ta mí.

Philemon gun ọ̀kadà Ṣéhù tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì já dísù ní Ìkọ̀yà láìsí wàhálà. Mùhámádù mú ìwé jáde pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Alhaja fọwọ́ síbi tí wọ́n kọ oníbàárà sí, ó fọwọ́ síbi tí wọ́n kọ alágbàtà sí. Àyè kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀, ti ẹlẹ́rìí. Wọ́n fún Philemon ní bírò. Ṣéhù ní ó fi ìlà mẹ́ta fa ìbuwọ́lù náà, ó sì fi àmì tó-tò-tó mẹ́rin sí i lábẹ́.

Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Bó ṣe délé, Janet àti àwọn obìnrin mọ́kànlá jókòó síwájú ilé rẹ̀, bàsíà ẹ̀gẹ́ tó ti kan yí wọn ká, eṣinṣin yí bàsíà ká.

"Bọ̀dá," ni Janet wí, "eléyìí ò lè di púpurú mọ́, ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló lè jẹ ẹ́. A gbọ́ pé iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa bá èèyàn wá oníbàárà. Ẹ bá wa wá tiwa."

Vivian wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Philemon ò jiyàn. Ó kó bàsíà méjì àkọ́kọ́ sórí ọ̀kadà Ṣéhù, kò wọ kóòtù, ó gba ọ̀nà ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Adéjọbí lọ lẹ́yìn ìlú.

Adéjọbí jáde sí wọn. Ó fi ìka kan ẹ̀gẹ́ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ó ní ó dára, pé gbogbo rẹ̀ lòun máa rà, pé òun tilẹ̀ máa gba irú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó bá wà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni í?" ló béèrè.

Ṣéhù ní òun rí i tí àyà Philemon wú díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣí, tó sì tún pa á dé. Ó wo Adéjọbí lójú.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo ni í. Alágbàtà lásán ni mí."

Adéjọbí yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú bàsíà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Èmi kì í bá alágbàtà dòwò pọ̀. Ẹ lọ pe ẹni tó ni í wá."